Odi Orí Òkè àti Bàbá Tí Kò Fẹ́ Mu Omi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà Bàbá, kò ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó fi ṣéènì há a, ó yọ imú nìkan síta, ó ní òun ò ránṣẹ́ pe ẹnì kankan. Òjò Thamesmead ń fẹ́ wá láti ìhà odò, ó ń ro sí mi lọ́rùn, bọ́ọ̀sì sì ti já mi sílẹ̀ síbi tí kò yẹ. Inú máa ń tètè bí mi, mi ò ní purọ́. Mo ní, "Daddy, bí ẹ ò bá ní ṣílẹ̀kùn, ẹ kúkú fún mi ní agbòjò." Ó ní, "Èmi kì í ṣe daddy rẹ." Mo ní mo mọ̀, daddy tèmi ti kú, tó bá jẹ́ pé ó wà láyé ni, kò ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dúró sínú òjò. Ó wò mí títí, ó wá yọ ṣéènì.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo bá wá sí ìlú òyìnbó yìí. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀ n'Íbàdàn. Níbí, láti ilé arúgbó kan dé òmíràn ni mò ń lọ, mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóògùn, mo ń bá wọn jà lórí oúnjẹ. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ń parí sí nírọ̀lẹ́. Òyìnbó tó ti lé dáadáa ní ọgọ́rin ọdún ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú sínú ilé yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin ni, Belvedere nítòsí ló ń gbé, ó máa ń wá wò ó tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́.

Wàhálà kan ṣoṣo ni Bàbá ní: kì í mu omi. Ìwọ̀nba tó fi ń gbé oògùn mì, ó parí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ ọsibítù ti gbé e lọ, tí ètè rẹ̀ gbẹ, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tó ń pe ìyàwó rẹ̀ pé kó wá ti fèrèsé. Nígbà kejì, dọ́kítà sọ fún ọmọ rẹ̀ lójú mi pé bí wọ́n bá tún gbé e dé báyìí, kò ní padà sílé ara rẹ̀ mọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n máa gbé e lọ. Bàbá gbọ́. Kò sì sí ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé ju pé kó lo ìyókù ọjọ́ rẹ̀ sínú ilé tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ gbé. Síbẹ̀, a délé, mo gbé omi fún un, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo pariwo mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn débi pé aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn.

Òun fúnra rẹ̀ ló padà sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mò ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́, ó kọjú sí ògiri. Ó ní ọjọ́ kan òun wà ní Powis Street, òun tò sórí ìlà láti sanwó nínú ṣọ́ọ̀bù, ìtọ̀ bá já mọ́ òun lára. Àwọn èwe kan rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun fi ẹsẹ̀ rin láti ibẹ̀ délé nítorí òun ò fẹ́ jókòó sórí àga bọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ náà lòun ti pinnu pé ohun tí kò bá wọlé kò lè jáde. Ìtìjú àgbàlagbà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọwọ́ gbá dànù. Mo kàn rọra ń bomi gbígbóná sí i lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo gbìyànjú gbogbo nǹkan. Tíì, ọbẹ̀ olómi, bàrà, ọsàn. Mo bẹ̀ ẹ́, mo pẹ̀gàn rẹ̀, mo ní mo máa fọlọ́pàá mú un. Mo ro pé a ti ń ṣẹ́gun nígbà tí kọ́ọ̀bù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, àfi bí mo ṣe rí i pé òdòdó inú ìkòkò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ ń sanra. Tíì mi ló ń mu látàárọ̀! Mo gbé ìkòkò náà lọ sí ilé ìdáná, mo sì fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó ń wojú mi bí ẹni tí kò mọ ohunkóhun.

Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ ni ojú mi ti lọ bá fọ́tò kan lára ògiri. Òkè kan ni, pẹ̀lú ògiri òkúta tó ti wó lórí rẹ̀. Mo ní, "Ilé tó jó wo lẹ gbé kọ́ síbí yìí?" Bàbá dìde jókòó dáadáa. Ó ní ilé tó jó kọ́, ilé olódi ni, ẹ̀gbẹ́ òkè yẹn ni wọ́n ti bí òun, bàbá òun ló ń gé koríko orí rẹ̀ títí tó fi dàgbà tí kò lè gun òkè mọ́. Ojú rẹ̀ yí padà. Ìtàn ń yún un lẹ́nu, mo rí i. Mo bá dá àdéhùn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: kò sí ìtàn láìsí omi. Bó bá sọ díẹ̀, á gbé díẹ̀ mì, bí kò bá gbé e mì, mo máa wọ bàtà mi, mo máa lọ. Ó ní ìkà ni mí. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Bí mo ṣe gbọ́ ìtàn odi náà nìyẹn, ní ẹnu omi kan sí òmíràn. Àgùntàn nìkan ló ń jẹ lórí òkè yẹn láyé àtijọ́, atẹ́gùn òkun sì ń fẹ́ sí i. Ìjòyè kan tó tẹ̀ lé ọba tó ti òkè òkun wá gba ilẹ̀ náà ló gun òkè ọ̀hún, ó rí i pé kò sí ọkọ̀ tó lè yọ lójú omi tí ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní rí. Ó lé àwọn darandaran kúrò. Igi ló kọ́kọ́ fi sọgbà yí i ká, òjò mú un jẹrà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ọ́n. Gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ fi ènìyàn kan sílẹ̀ láti ru òkúta gòkè, ẹni tí wọ́n bí sẹ́nu iṣẹ́ náà dàgbà, ó kú, wọn ò tíì mọ ọ́n tán. Mo ní, "Ẹrú nìyẹn." Bàbá ní wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Mo ní, "Ẹ lọ bi ẹni tó ń ru òkúta." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ta sí i nímú, mo sì kà á mọ́ èyí tó mu.

Lọ́jọ́ mìíràn ó ní ẹnu ọ̀nà odi kì í lọ tààrà, ó máa ń rí kọ́lọkọ̀lọ ni, kí ọ̀tá lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn sí àwọn ọlọ́fà. Òkè ẹnu ọ̀nà ní ihò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da yanrìn gbígbóná sí ọ̀tá lọ́rùn, kó wọnú ẹ̀wù irin rẹ̀ lọ. Mo ní ta ló ń yan yanrìn náà? Ó ní àwọn ará ilé ìdáná. Mo ní mo mọ̀, obìnrin ni wọ́n á rán. Ó tún ní àkàsọ̀ inú ilé ìṣọ́ ń lọ́ sí apá ọ̀tún, kí ọwọ́ tí ẹni tó ń gòkè fi mú idà lè máa gbá ògiri. Mi ò gbà á gbọ́. Ó ní kí n mú síbí igi kan wá, kí òun náà mú ọ̀kan, kí n máa bọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lórí àga tó jókòó sí ló ti gba síbí lọ́wọ́ mi. Ó mu ààbọ̀ kọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, mo sì kọrin ọpẹ́ títí mo fi dé ibùdókọ̀.

Èmi náà sọ tèmi fún un. Màmá màmá mi máa ń sọ pé orí àpáta làwọn èèyàn wa sá lọ nígbà ogun, pé òkúta ni wọ́n ń yí sílẹ̀ lu ẹni tó bá ń gòkè bọ̀. Bàbá béèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ibi tí ọmọ ń sùn, ta ló dó tì wọ́n. Ọmọ ilé ìwé tí mo kọ́ nílé kò bi mí ní ìbéèrè tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé ta ló mọ̀ pé èmi máa jókòó sí Thamesmead, kí òyìnbó máa bi mí léèrè ìyá màmá mi. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Olúwa ṣeun.

Ìtàn bá dé ibi tó le. Ìjòyè tó wà nínú odi nígbà yẹn bá ọba jà, àwọn ọmọ ogun ọba wá, wọ́n yí òkè náà ká. Mo ní, "Ẹn-ẹ́n?" Mo gbé kọ́ọ̀bù sún mọ́ ọn, Bàbá gbọn orí. Ó ní wọn kì í sọ òpin rẹ̀ nínú ilé. Bàbá òun kò sọ ọ́ fún òun nínú ilé, ẹ̀gbẹ́ kànga orí òkè ló mú òun lọ. Ibẹ̀ lòun náà mú ọmọ òun lọ. Mo pe ọmọ rẹ̀ sórí fóònù pé ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe parí? Obìnrin yẹn ní òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n dádì òun ní kí òun má sọ. Ẹ ò rí i bí! Ìdílé kí lèyí?

Ìtàn dúró, omi náà dúró. Ó ní àdéhùn la dá, òun ò sì ní ìtàn mọ́. Ìgbà ooru sì wọlé, ooru tó ń mú kí ojú fèrèsé gbóná lọ́wọ́. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè mí, ó ní kí n ti fèrèsé. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Auntie kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich, nọ́ọ̀sì ni, òun ló ń darí ẹgbẹ́ àdúrà. Àárọ̀ Sátidé, ó máa ń kó wa lọ sí Abbey Wood, síbi ahoro ilé àwọn onísìn àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ká lọ gbàdúrà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, a máa ń gba bọ́ọ̀sì lọ sí orí òkè tó jìn. Lójú Auntie, kò sí òkè tó ní ògiri àtijọ́ lórí tí kì í ṣe orí òkè àdúrà. Mo ní, "Auntie, ẹ jẹ́ ká lọ sí òkè kan tí mo gbọ́ nípa rẹ̀, etí òkun ni." Ó ní, "Ṣé wọ́n ti gbàdúrà níbẹ̀ rí?" Mo ní ogun ni wọ́n jà níbẹ̀. Ó ní, "Ogun gan-an la fẹ́ bá Ọlọ́run sọ." Mo wá sọ fún un pé mo fẹ́ mú Bàbá kan dání. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní ìjókòó iwájú ni kó jókòó.

Ọmọ Bàbá bẹ̀rù. Ó ní bó bá dákú sọ́nà ńkọ́? Mo ní nọ́ọ̀sì mélòó ló wà nínú bọ́ọ̀sì náà, ọsibítù gan-an kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ó wá gbà, ó sì tẹ̀ lé wa. Ẹ̀bá ibi tí ọkọ̀ ojú omi Woolwich ti ń gbé èrò la ti gbéra. Bàbá wọ kóòtù rẹ̀ tó dára jù, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí nǹkan tútù kan ètè rẹ̀ rárá. Ìrìn náà jìn, èèyàn sì pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Mo mọ ohun tó ń rò. Mo gbé omi fún un, ó pa ẹnu dé, ọmọ rẹ̀ gbé e fún un, ó pa ojú dé. Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí, mi ò mọ èwo ló pọ̀ jù.

Ìgbà tí a débẹ̀ ni àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Ẹni bá mọ orí òkè mọ èyí: èèyàn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Omi lèèyàn máa ń rù lọ, àdúrà á wọ inú rẹ̀, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á mu níbẹ̀, wọ́n á fi wẹ ọmọ, wọ́n á wọ́n ọn sí ìloro. Ẹlòmíràn gbé kẹ́ẹ̀gì méjì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ fún Auntie pé ẹ̀rọ omi wà nísàlẹ̀ níbí, kò sí ìdí tí wọ́n á fi máa gbé omi gòkè kí wọ́n tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Auntie ní, "Ọ̀gá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, eléyìí fẹ́ lọ gba nǹkan bọ̀ ni." Wọ́n bọ́ bàtà. Ọkùnrin náà ń wo bàtà, ó ń wo kẹ́ẹ̀gì, ó fi wá sílẹ̀.

Àga oníkẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti Bàbá kò lè gun òkè náà. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ wa gbé òun àti àga rẹ̀ pọ̀, wọ́n ń kọrin lọ, èmi àti ọmọ rẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. A ṣáájú àwọn tó ru omi débẹ̀. Ògiri tó kù kò pọ̀: ìdajì ilé ìṣọ́ kan, ẹnu ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ tó ti sọ fún mi, koríko, ẹyẹ. Mo fi ọwọ́ kan ògiri náà, mo ronú kan ẹni tó rù ú wá. Wọ́n gbé Bàbá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí wọ́n fi irin bo ojú rẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀nà tí a gbà wá.

Ibẹ̀ ló ti rí wọn. Àwọn obìnrin wa ń gba ẹnu ọ̀nà odi wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ lásán, kẹ́ẹ̀gì omi lórí, Auntie ló ṣáájú. Ọmọ Bàbá di apá mi mú, ó dì í débi pé ó dùn mí. Bàbá la ẹnu, kò lè pa á dé. Auntie rí kànga, ó kígbe, "Kànga Jákọ́bù rèé o!" Wọ́n to kẹ́ẹ̀gì yí i ká, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé àdúrà ni Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jókòó. Ó ní òun fẹ́ sọ bó ṣe parí.

Ó ní odi yìí kò wó lọ́wọ́ ogun. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ọba ń bọ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ òkè sá gòkè pẹ̀lú ọmọ wọn, wọ́n ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn. Ìjòyè ní oúnjẹ kò ní tó, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn síta. Kànga yìí sì máa ń gbẹ lọ́dọọdún bí ooru bá dé. Àwọn ará ìsàlẹ̀ yẹn gan-an, àwọn obìnrin wọn, ló máa ń pọn omi láti odò kékeré wá fún àwọn tó wà lókè. Ooru dé lọ́dún yẹn, kànga gbẹ, kò sẹ́ni tó wá. Wọ́n ń lá ìrì ara ògiri. Bàbá òun sọ fún òun pé, lójoojúmọ́, ẹnìkan á dúró síbi ògiri yẹn, á máa wo ọ̀nà, bóyá òun á rí àwọn obìnrin tó ru omi. Ìgbà tó yá, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Ọba ní kí wọ́n wó odi náà, àwọn ará abúlé sì kó òkúta rẹ̀ padà sísàlẹ̀, wọ́n fi kọ́lé.

Ó na ọwọ́ sí Auntie àti àwọn kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Wọ́n ti dé."

Auntie yìí, tí kì í gbà kí wọ́n ta omi sílẹ̀ fún òkú, tó ní ìbọ̀rìṣà ni, ló dìde. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, ó tẹ̀ ba síbi irin ojú kànga, ó ń da omi náà sí i, a ń gbọ́ bó ṣe ń jìn lọ nísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ máa bínú. Ọ̀nà ló jìn." Omijé bọ́ lójú mi, mi ò sì bo ojú. Nígbà tó dúró, Bàbá ní, "Ṣé ó ṣẹ́kù?" Auntie bu sínú kọ́ọ̀bù fún un. Ó mu ún tán. Ó tún gba òmíràn. Ọmọ rẹ̀ kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

A ń bọ̀ nílé, a ti wọ ọ̀nà márosẹ̀, mo rí i tí Bàbá ń di eékún mú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo mọ̀. Mo rò pé ó tán, gbogbo rẹ̀ máa bàjẹ́ níhìn-ín, kò tún ní fi ẹnu kan omi mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbóhùn sókè nínú bọ́ọ̀sì tó kún fún èèyàn, ó ní, "Ẹ bá mi dúró, mo fẹ́ tọ̀!" Dírẹ́bà yà síbi ìsinmi ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ilé ìtọ̀ ibẹ̀ wà ní títì. Auntie tú ìró òkè rẹ̀, èmi tú tèmi, àwọn obìnrin yòókù tú tiwọn, a nà án yípo lẹ́bàá igbó, a kọ ẹ̀yìn sí i, àwọn ọkùnrin méjì dì í mú níbẹ̀ kó má ṣubú. A gbọ́ ọ, ó pẹ́ dáadáa. Auntie ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa," gbogbo ẹgbẹ́ ní, "Halelúyà!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín láàárín aṣọ. Mo dúpẹ́ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí fíṣà mi jáde lọ.

Ìgbà tí wọ́n gbé e padà sórí ìjókòó iwájú, mo di bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ó na kọ́ọ̀bù sí mi, ó ní kí n bu omi sí i.